Ta Ló Lágbára Jù Nínú Àwọn Àìkú?

"Kọ ọ́ sílẹ̀," Gogoro, ọmọ kíláàsì wa, ní, ó sì fi ìka gbá ojú tábìlì mi. "Ajómátán ló borí. Iná kì í bẹ ẹnikẹ́ni."

"Omi ńkọ́?" ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bi í. "Aṣànmágbẹ á kàn gba orí ẹ̀ kọjá ni."

"Kó gbà á kọjá. Ṣé Ajómátán máa ń kú ni? Abẹ́ omi náà ni á ti máa jó lọ."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn yíjú sí èmi tí mo di bírò mú. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ìgbà tí wọ́n bá yíjú sí mi bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò ìṣirò, ipò kejìdínlọ́gbọ̀n ni mo máa ń wà nínú ọgbọ̀n ọmọ, àwọn méjì tó kù sẹ́yìn mi sì máa ń ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò. Ṣùgbọ́n ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, nígbà tí olùkọ́ kò bá sí nítòsí, èmi ni Akọ̀wé. Ohun tí mo bá kọ sínú ìwé aláwọ̀ ewé mi ni òfin.

Òfin Ilẹ̀ Àìkú ni. Èmi ni mo dá ilẹ̀ náà sílẹ̀, lọ́jọ́ kan tí olùkọ́ kẹ́mísírì ń sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọ̀ mí létí. Ẹ̀dá mẹ́rin tí ikú kò lè mú ló ń gbé ibẹ̀. Ajómátán ń jó, kì í tán. Aṣànmágbẹ ń ṣàn, kì í gbẹ. Arúgbómákú ń darúgbó lójoojúmọ́, kì í kú, ìbàdí sì ti ń dùn ún láti ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí mo fẹ́ràn jù, Aláìmì, tó dúró sí àárín ilẹ̀ náà tí ìjì ń jà lù ú, tí ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kì í mì.

Kíláàsì wa pín sí mẹ́rin lórí wọn. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni bí a ṣe máa mọ ẹni tó ju ẹnì kejì lọ. Bí ẹni méjì kò bá lè kú, ìgbà wo ni ìjà wọn máa parí? Ọ̀sẹ̀ méjì la fi jiyàn, Gogoro kò sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí pé ìyẹn pe Ajómátán ní àbẹ́là. Lọ́jọ́ náà ni mo dájọ́.

"Ẹ gbọ́," mo ní. "A ò ní í fi agbára ìjà wọ̀n wọ́n mọ́. Ohun tí wọ́n nílò la máa wò. Ajómátán nílò ohun tó máa jó. Aṣànmágbẹ nílò ibi tó máa gbà ṣàn. Arúgbómákú nílò ẹni tó máa bá a fi nǹkan pa ìbàdí. Aláìmì ò nílò nǹkan kan. Ẹni tí ò nílò nǹkan kan ló lágbára jù."

"Ọgbọ́n wà níbẹ̀," Gogoro ní, "àmọ́ ó ń dùn mí."

Bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí, kíá kíá, kí agogo tó lù:

*Alaimi ni ekinni. Ko nilo ohunkohun. Ki i mi. Ko si iji, ko si iberu, ko si irora ti o le mu un mi. Eni ti o ba fe je tire gbodo ko bi a se n wa lai mi.*

Mi ò fi àmì ohùn sí i. Bí agogo kò bá tilẹ̀ lù, mi ò ní í fi sí i. Olùkọ́ èdè Yorùbá ti fi bírò pupa pariwo lé mi lórí títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ìdáhùn kan náà ni mo sì máa ń fún un nínú ọkàn mi: ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí mo ń sọ.

Mo tún fi òfin kan kún un, kí eré náà lè lọ́wọ̀: ẹni tó bá mú àìkú kan kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́. "Tèmi" ni kó máa pè é. Àwọn ọmọ kíláàsì fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Alágbàfọ̀ ni màmá wa. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tí a fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò, a sì na wáyà láti ògiri dé ògiri, tí aṣọ oníbàárà kún orí rẹ̀ fọ́fọ́, kálukú pẹ̀lú nọ́mbà tirẹ̀ tí a fi pín-ìn-nì so mọ́ kọ́là. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù bá ń ṣiṣẹ́, ooru àti òórùn sítáàṣì á gba gbogbo ilé. Awakọ̀ ọlọ́nà jíjìn ni bàbá wa, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa ń rí i.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni a ń pè ní Tíńtín. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa to nọ́mbà àwọn aṣọ pọ̀, ẹnu ọ̀nà ló sì máa ń jókòó sí, níbi tí atẹ́gùn wà, nítorí pé ó ní ásímà láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Oògùn kan wà tó gbọ́dọ̀ máa fà sí ẹnu, ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, yálà ara rẹ̀ yá tàbí kò yá. Èmi ni Màmá fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́.

"Ìwọ lẹ̀gbọ́n," Màmá sọ fún mi. "Ojú ẹ ni kó ti máa lò ó. Ojú ẹ o, kì í ṣe etí ẹ."

Oṣù méjì àkọ́kọ́, ojú mi ni. Lẹ́yìn náà ó di pé mo ń béèrè láti inú yàrá, "Tíńtín, ṣé o ti lò ó?" Á ní òun ti lò ó. Èmi á máa kọ ìwé mi lọ.

Mo mọ̀ pé ó ń jí ìwé aláwọ̀ ewé náà kà, nítorí pé mo rí àmì ìka sítáàṣì lára ojú ìwé. Ó yẹ kí inú bí mi, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a ń ka aṣọ, ó rọra sún mọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ti mú tèmi."

"Èwo ni tìẹ?"

"Ẹ ti ní ká má dárúkọ mọ́. Èyí tó ṣe ìkíní yẹn ni."

Mo gbá a lórí pẹ́pẹ́. "O lójú, ìwọ ọmọ yìí."

Ní Ọjọ́rú, mo lọ ká aṣọ lẹ́yìn ilé, mo sì bá a láàárín àwọn aṣọ ibùsùn tó ń gbẹ. Ó dúró gbagidi. Ó di ojú, ó di ẹnu pinpin, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ní ìkúùkù, kò sì mira rárá bí mo ṣe dé. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ẹ wò ó, ọmọ yìí ń kọ́ bí a ṣe ń dúró láì mì. Nígbà tó yá ó la ẹnu, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Inú apẹ̀rẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ tí àwọn oníbàárà kò wá gbà mọ́ ni mo ti rí oògùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, nígbà tí mo ń wá pín-ìn-nì.

"Kí ni èyí ń ṣe níbí?"

Ó dì mọ́ mi lápá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá. Tèmi ò nílò nǹkan kan, èmi náà ò fẹ́ nílò nǹkan kan mọ́. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́fà, mo sì wà dáadáa. Ẹ wò mí."

Mo wò ó. Ó yẹ kí n pe Màmá lójú ẹsẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi sì ni àgbà ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe Màmá, Màmá á béèrè ibi tí ojú mi wà fún ọjọ́ mẹ́fà, á sì gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Kí n sì sọ gbogbo òótọ́: orí mi wú. Nínú gbogbo àwọn tó ń tẹ̀ lé òfin mi, kò sí ẹni tó gbà á gbọ́ tó ọmọ yìí.

"Ó dáa," mo ní. "Àmọ́ tí àyà bá ti ń há ẹ, kí o lò ó o."

Ní ọjọ́ kejì mo fi í yangàn fún Gogoro pé àbúrò mi nìkan ni ọmọlẹ́yìn tòótọ́ nínú gbogbo wa.

Ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́yìn yọ. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù sì kún fún ooru tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri fi ń làágùn. Màmá ń po sítáàṣì, èmi ń lọ ṣòkòtò. Mi ò mọ ìgbà tí Tíńtín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ṣe ni mo gbójú sókè tí mo rí i láàárín yàrá gan-an, níbi tí ooru ti pọ̀ jù, tó dúró gbagidi, tó di ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo tún padà sí ṣòkòtò.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró kan, fíì, fíì, bí ìgbà tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Àyà rẹ̀ ni. Ó ti kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ètè rẹ̀ sì ti ń dúdú.

"Oògùn ẹ̀!" Màmá sọ igi tó fi ń po sítáàṣì nù. "Mú oògùn ẹ̀ wá!"

Mo sáré lọ sídìí apẹ̀rẹ̀ ìbọ̀sẹ̀. Oògùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo da gbogbo ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀, mo gbọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá abẹ́ ibùsùn. Mo wá inú àpò ìwé rẹ̀. Gbogbo ìgbà náà ni mo ń gbọ́ fíì, fíì láti yàrá iwájú, ìró náà sì ń tín-ín-rín sí i. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

"Mi ò rí i," mo pariwo.

Màmá kò dúró gbọ́. Ó ti gbé Tíńtín jáde, ó ń ké pe káfíńtà tó wà lódìkejì ọ̀nà. Ọkùnrin náà já pákó tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gbàràgàdà, ó ṣí ilẹ̀kùn fún wa. Mi ò mọ ohun tó mú mi gbé ìwé aláwọ̀ ewé náà dání. Bóyá mo ń bẹ̀rù pé ẹnìkan á rí i tí a bá fi í sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní ilé ìwòsàn jẹ́ obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó so awò ojú rẹ̀ kọ́ àyà. Ó ti gbé Tíńtín lé ibùsùn kí Màmá tó sọ̀rọ̀ tán.

"Ìgbà wo ló lo oògùn ẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Àárọ̀ yìí," Màmá dáhùn. "Kì í fò ó, tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń mójú tó o."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo rí ojú Màmá. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì funfun fún sítáàṣì títí dé ìgbúnwọ́, ó sì ń wò mí pẹ̀lú ìgbẹ́kẹ̀lé tí mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí. Ẹnu mi ló dáhùn, kì í ṣe èmi.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Wọ́n fi ìbòmú tí ẹ̀rọ ń fẹ́ oògùn sí bo imú àti ẹnu rẹ̀. Tíńtín fà á kúrò. Wọ́n tún fi í bò ó, ó tún fà á kúrò, ó sì di ẹnu pinpin. Nọ́ọ̀sì kejì wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú Tíńtín ń wá mi kiri nínú yàrá náà títí ó fi rí mi. Ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà kọ́ ni. Ojú ọmọ tó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí bí òun ṣe ń ṣe dáadáa tó ni.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi," nọ́ọ̀sì sọ fún èkejì rẹ̀. "Ọmọ tó lo oògùn ẹ̀ láàárọ̀ yìí, àìsàn ẹ̀ ò yẹ kó le tó báyìí. Àbí nǹkan ló há a lọ́fun? Lọ pe dókítà, ká yọjú wo ọ̀fun ẹ̀ ná."

Mo gbọ́ ọ. Irọ́ mi ni wọ́n fẹ́ bá lọ sínú ọ̀fun àbúrò mi. Síbẹ̀, etí Tíńtín ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ dípò kí n sọ òtítọ́ sókè.

"Tíńtín, jọ̀ọ́, gbà kí wọ́n fi sí i."

Ó mi orí. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ohùn tó jáde kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì rú òfin mi, tó dárúkọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Aláìmí," ó ní. "Kì í mí."

Ohùn rẹ̀ lọ sókè ní ìparí.

Mo dúró sójú kan. Mí ló pè, kò pe mì. Ó pè é bí a ṣe ń pe èémí, bí a ṣe ń sọ nípa òkú pé kò mí mọ́. Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo ohun tí mo kọ yí padà lójú mi, tí mo sì kà á bí òun ti ṣe kà á. Kò nílò ohunkóhun. Kì í mí. Kò sí ìjì, kò sí ìbẹ̀rù, kò sí ìrora tó lè mú un mí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń wà láì mí. Ọmọ tí àyà rẹ̀ ti ń fìyà jẹ láti ọmọ ọdún mẹ́ta rí i nínú ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹ̀dá tó lágbára jù láyé kò nílò èémí rárá. Ta ni kò ní í mú un?

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án," mo ní. Ohùn mi dún bí i ti ẹlòmíràn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, mo purọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ò tíì lo oògùn. Nǹkan kan ò há a lọ́fun. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń dá èémí dúró ni. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé."

Màmá yíjú sí mi. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kò jágbe mọ́ mi. Ó kàn ní kí èkejì rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ kan wá kíákíá, ó sì tì mí súnmọ́ ibùsùn. "Bó bá jẹ́ ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ ni kí o bá a sọ ọ́. Yára."

Mo ṣí ìwé náà, mo fa bírò yọ ní àpò àyà nọ́ọ̀sì láì tọrọ rẹ̀. Iwájú Tíńtín ni mo ti fi àmì sí i. "Wò ó. Àmì ìsàlẹ̀ ni. Mì. Aláìmì. Ẹni tí kì í mì, bí igi ṣe ń mì nínú atẹ́gùn. Mi ò kọ mí. Àṣìṣe mi ni. O gbọ́?"

Ó wo àmì náà. Ó wò mí. Ó sì tún mi orí, nítorí pé ó mọ̀ mí. Ó ti rí i rí tí mo yí òfin padà nítorí àwọn ọ̀rẹ́ mi. Lójú rẹ̀, ṣe ni mo ń yí i padà báyìí kí òun lè gba ìbòmú. Ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn.

Mo ju ìwé náà sílẹ̀.

"Kò sí ọ̀kankan nínú wọn, Tíńtín," mo ní, omijé ti ń já wọ mi lẹ́nu. "Èmi ni mo fi irọ́ dá gbogbo wọn. Mo ń kọ ọ́ torí mi ò mọ ìṣirò, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa wò mí. Mi ò mọ ẹni tó lágbára jù. Mi ò mọ nǹkan kan. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀, tí o bá kú mi ò ní ẹlòmíràn. Jọ̀ọ́, bá mi mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ká jọ mí."

Mo la ẹnu, mo fa èémí sínú kó lè rí i. Mo tú u jáde. Mo tún fà á. Nọ́ọ̀sì rọra gbé ìbòmú náà sún mọ́ ọn láì fi ipá, ọwọ́ mi sì wà lórí ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Ìgbà kẹta tí mo fa èémí, ètè Tíńtín là.

Ó gbà á. Díẹ̀ ló lè fà, ó sì dùn ún, mo rí i pé ó dùn ún. Ṣùgbọ́n ó tún fa òmíràn. Nígbà tí dókítà máa fi wọlé, ọwọ́ Tíńtín ti dì mọ́ ìbòmú náà fúnra rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á.

Ó tó wákàtí kan kí ètè rẹ̀ tó padà sí àwọ̀ rẹ̀. Dókítà, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, sọ pé ká ní a tún fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣòfò sí i lórí ọ̀fun rẹ̀, ohun mìíràn ni òun ì bá máa bá wa sọ. Ó wò mí nígbà tó ń sọ ọ́. Mo fara mọ́ ògiri.

Bẹ́ǹṣì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá jókòó sí ìparí kan, èmi sí ìparí kejì.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́rú, Màmá."

Ó ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀ tí sítáàṣì ti gbẹ mọ́. Mo ń retí ìgbátí, ǹ bá sì dúpẹ́ ká ní ó gbá mi. Kò gbá mi.

"Ọwọ́ ẹ ni mo fi í sí," ó ní. Ó dìde, ó lọ fọ ojú rẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Tíńtín lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó ti lè jókòó, ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, Arúgbómákú ló yẹ kẹ́ ẹ fi ṣe ìkíní."

"Mo ti ya ìwé yẹn, Tíńtín. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun?"

"Òun nìkan ló sọ pé ibì kan ń dun òun."

Inú àpò aṣọ ilé ìwé rẹ̀ la padà rí oògùn náà, ó fi tépù dì í mọ́ inú àpò kó má baà wù ú láti lò ó.

Ní Mọ́ńdè, Gogoro àti àwọn yòókù yí mi ká, wọ́n ní kí n mú ìwé jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan "bẹ́ẹ̀ ni mà" tí mo sọ. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi mí àti mì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ bí ètè rẹ̀ ṣe dúdú, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọn kò pè mí ní Akọ̀wé láti ọjọ́ náà. Mo ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ mi báyìí, mo sì máa ń ka ohun tí mo bá kọ sókè létí ẹlòmíràn kí n tó gbé e kalẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́ àmì ohùn ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Èyí tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ló burú jù. Mo rí oògùn nínú apẹ̀rẹ̀, mo dákẹ́. Wọ́n bi mí léèrè níwájú ibùsùn, mo purọ́, torí mi ò fẹ́ kí ojú tì mí. Màmá kò tíì dá oògùn náà padà sí ìkáwọ́ mi títí di òní. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, á dúró ti Tíńtín títí yóò fi fà á lẹ́ẹ̀mejì, èmi á sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń wò wọ́n. Mi ò bínú sí i. Bí o bá mọ ohun tó lè gba ẹnì kan là, sọ ọ́ kíá, bí ojú tilẹ̀ máa tì ọ́. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, mi ò kú. Àbúrò mi náà kò kú, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló kù.